Owó Edward Kẹjọ: Àwòṣe ní Lọ́ńdọ̀n, Owó Ọjà ní Ilẹ̀ Wa

Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé Ọba Edward Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní owó tí aráyé ná rí. Lójú tèmi, òtítọ́ Lọ́ńdọ̀n nìkan ni èyí.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1936 ni George Karùn-ún wàjà, tí Edward ọmọ rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí orí ọba kan bá kọjú sósì lára owó, ti arọ́pò rẹ̀ yóò kọjú sọ́tùn-ún. Òsì ni George kọjú sí. Edward náà ní òsì ni òun fẹ́. T. H. Paget ya orí náà bí ọba ti wí, a sì rọ ìwọ̀nba díẹ̀ fún àwòṣe, tí a kọ 1937 sí lára. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1936 tó parí, ọba kọ oyè sílẹ̀. Àwòṣe wá di ohun ìpamọ́. Tọ́rọ́ onígun méjìlá nìkan ló rìn jìnnà díẹ̀: a yá àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ agbowó ní mélòó kan láti fi dán ẹ̀rọ wọn wò, gbogbo rẹ̀ kò sì padà wá.

Tiwa kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1907 ni a ti ń rọ kọ́bọ̀ onihò fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti àníní tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan; ẹ́pìnnì tẹ̀ lé wọn. Ihò ló wà níbi tí orí ọba ìbá wà. (Ẹni tó ti ń sín owó ẹyọ sókùn, ihò kò lè yà á lẹ́nu.) Adé àti orúkọ ọba, ní èdè Látìn, ni a fi sí i. Nítorí náà lẹ́tà nìkan ni wọ́n yí padà, wọn kò sì bi ọba ní ìhà tó fẹ́ kọjú sí. Bí owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jáde ní orúkọ Edward nìyẹn, pẹ̀lú ọdún 1936 lára wọn. Ṣílè wa tó ní orí kò rí bẹ́ẹ̀: ti 1936 ṣì gbé orí George.

Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ta aṣọ láwìn, tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi gba owó rẹ̀, lè gba kọ́bọ̀ Edward bí kọ́bọ̀ yòówù, kí ó sì ná an ní Iléṣà tàbí Ìkéjì-Arákejì. Ní ọdún 2020, a ta àwòṣe owó wúrà Edward kan ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Kọ́bọ̀ onihò rẹ̀ kò wọ́n, nítorí ó pọ̀. Òpìtàn tó bá fi iye yìí díwọ̀n yóò tẹjú mọ́ èyí tí kò ṣiṣẹ́ rí.

Nígbà tí Nàìjíríà ní owó tirẹ̀ ní ọdún 1959, kọ́bọ̀ àti ẹ́pìnnì ṣì ní ihò, orúkọ Elizabeth sì wà lára wọn láìsí orí. Àníní ni a kò rọ mọ́.