Ta Ni Onígbọ̀wọ́ Yín? Àlàyé lórí Físà Pàṣípààrọ̀ fún Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Òkè Òkun

Ní ọ́fíìsì ìròyìn ìjọ wa, oṣù kan kì í kọjá kí a má rí ìwé gbà láti ọwọ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, tàbí láti ọwọ́ òbí rẹ̀, tí ń béèrè ọ̀nà tí ọmọ lè gbà kọ́ṣẹ́ sí i ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan mú lẹ́tà wá bá wa. Gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà náà ti wí, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti gba ọmọ rẹ̀ láti wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ náà ni yóò sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Owó físà nìkan ló kù. Ìyá yìí ti san ìdajì. Ó fẹ́ kí a bá òun kéde ní ìjọ, kí àwọn ará lè ran òun lọ́wọ́ láti san ìyókù. A ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ọ̀gá wà níbẹ̀, orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni kẹta tí òfin béèrè kò sí níbẹ̀ rárá. Nítorí ẹni kẹta yìí ni a ṣe kọ àlàyé yìí.

J-1 ni wọ́n ń pe físà tí à ń sọ yìí ní Amẹ́ríkà. Òfin tí Ilé Aṣòfin wọn ṣe ní ọdún 1961 ló wà nídìí rẹ̀, kí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn lè wá kẹ́kọ̀ọ́, kí tọ̀túntòsì mọ àṣà ara wọn, kí àlejò sì padà sílé pẹ̀lú ohun tó kọ́. Físà ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó gbà á lè máa gba owó oṣù. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè lóye rẹ̀. Ọmọ kì í dá lọ bá ọ̀gá. Onídùúró a máa wà láàárín wọn, tí í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Òun ni ọ̀gá ń ké sí bí ọmọ bá sá, òun náà sì ni ọmọ ń ké sí bí ọ̀gá bá sọ ọ́ di ẹrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni J-1 rí. Ilé iṣẹ́ tí ọmọ yóò ti kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá. Onígbọ̀wọ́ ni àjọ tí Ilé Iṣẹ́ Ọ̀ràn Òkèèrè ti Amẹ́ríkà yàn tí ó sì fún ní àṣẹ. Ilé iṣẹ́ tí kò bá gba àṣẹ náà, bó ti wù kó tóbi tó, kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́ J-1.

Kí a tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìkéde kan tó dá físà J dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ti Benin, pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Togo ti wà lábẹ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ìkéde náà kò fagi lé físà tó ti wà lọ́wọ́ ẹni kí ọjọ́ náà tó pé, kò sì dí ẹni tó ní ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn lọ́wọ́ láti fi ìyẹn rìn. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ a máa yí padà. Nítorí náà, ẹ wádìí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn ajẹ́ńtì kì í dẹ́kun gbígba owó nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń sọ pé àwọn mọ ojú fèrèsé.

Ta ni òfin náà gbà láyè? Ẹni tó ní oyè tàbí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, tí ó sì ti fi ọdún kan, ó kéré tán, ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè wọlé bí ó bá ti lo ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èyí sì dùn mọ́ wa nínú, nítorí pé ó rántí oníṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ilé kíkọ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lára àwọn ẹ̀ka tí òfin kà sílẹ̀. Oṣù 18 ni ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kì í kọjá oṣù 12. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà nílé ìwé, tàbí tí kò tíì pé oṣù 12 tó jáde, ní ẹ̀ka tirẹ̀, oṣù 12 náà ni ó sì mọ.

Ìwé méjì ló ṣe kókó. DS-7002 ni ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́: ohun tí ọmọ yóò kọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò kọ́ ọ, àti owó tí yóò máa gbà. Ọmọ, ọ̀gá àti onígbọ̀wọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni DS-2019, tí a fi ń béèrè físà, onígbọ̀wọ́ nìkan ló sì lè gbé e jáde. Ẹ ka DS-7002 dáadáa. Òfin kò gba iṣẹ́ lébìrà, kò gba títọ́jú ọmọdé, arúgbó tàbí aláìsàn lábẹ́ ẹ̀ka yìí, iṣẹ́ akọ̀wé kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá ní kí ọmọ yín fi físà ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ tọ́jú arúgbó ń rán an lọ rú òfin.

Orúkọ gbogbo àjọ tó ní àṣẹ wà ní j1visa.state.gov, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í bá ènìyàn wá ọ̀gá. Wọn a ní kí ẹ kọ́kọ́ rí ilé iṣẹ́ tí yóò gbà yín. Ibí yìí ni àwọn ará wa tó wà ní Houston tàbí ní Maryland ti lè wúlò: wọ́n lè bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò lè ṣe onígbọ̀wọ́. Bí ilé iṣẹ́ náà bá kéré, tí kò sì tíì gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, dandan ni kí onígbọ̀wọ́ lọ fojú rí i. Ní ti owó, dọ́là 220 ni ti SEVIS, dọ́là 185 sì ni ti ìbéèrè físà. Ìjọba ló ń gba méjèèjì. Àjọ onígbọ̀wọ́ ní iye tirẹ̀, ó sì gbọdọ̀ sọ ọ́ kedere ṣáájú. Owó adójútòfò ìlera tún wà lọ́tọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá òfin ọdún 2 kan ọmọ náà, èyí tó ń pàṣẹ fún àwọn kan láti padà gbé nílé fún ọdún méjì kí wọ́n tó lè béèrè irú físà mìíràn kan tàbí ìwé ìgbélùú.

Ní Ìlú Ọba, Government Authorised Exchange ni orúkọ físà tó jọ èyí. Ìlànà kan náà ni: agbanisíṣẹ́ kì í sábà ṣe onígbọ̀wọ́, àyàfi yunifásítì àti àwọn ẹ̀ka ìjọba kan. Àjọ tó ń bójú tó ètò kọ̀ọ̀kan ló ń fún ọmọ ní nọ́ńbà ìgbọ̀wọ́. Oṣù 12 tàbí 24 ni, gẹ́gẹ́ bí ètò náà bá ti rí. Ọmọ gbọdọ̀ ní pọ́n-ùn 1,270 ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra, àyàfi bí onígbọ̀wọ́ bá gbà láti gbọ́ bùkátà rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ìjọba wọn náà ń tẹ orúkọ àwọn tó ní àṣẹ jáde.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, lẹ́tà tí ẹ kọ lè jẹ́rìí sí ìwà ọmọ, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ìjọ ni onígbọ̀wọ́, nítorí àwọn kan ti ń fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tan ẹlòmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ajẹ́ńtì gba ibi ìwàásù ṣe ìkéde ọjà rẹ̀.

Ní ti ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, a jókòó pẹ̀lú rẹ̀, a sì wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn àjọ tó ní àṣẹ. Kò sí níbẹ̀. A ní kí ó kọ̀wé sí wọn, kí ó béèrè orúkọ onígbọ̀wọ́ tí yóò gbé DS-2019 jáde. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kí ó kọ́kọ́ san ìyókù owó. Kò san án, ṣùgbọ́n ìdajì tó ti san kò padà wá.