Yíyan Àwọ̀ Ilé àti Mímú Àwọ̀ Bá Àwọ̀ Mu ní Ìlá Ọ̀ràngún àti Àyíká Rẹ̀

Báwo ni àwọn Yorùbá ṣe ń yan àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun ilé kí ọ̀dà inú agolo tó dé? Àwọn òpìtàn kò tíì fún ìbéèrè yìí ní àyè tí ó tọ́ sí i. Ohun kan tí ó fa èyí ni pé orúkọ àwọ̀ pàtàkì mẹ́ta péré ni èdè Yorùbá ní: funfun, pupa àti dúdú. Ní ọdún 1858, Gladstone, ọ̀mọ̀wé àti òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ nípa ewì Homer pé ojú àwọn Gíríìkì àtijọ́ kò tíì dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa, nítorí pé orúkọ àwọ̀ wọn kò pọ̀. Ní ọdún 1969, Berlin àti Kay to àwọn èdè ayé ní ìpele-ìpele gẹ́gẹ́ bí iye orúkọ àwọ̀ wọn. Èdè tí ó bá ní mẹ́ta kò jìnnà sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi òǹkà orúkọ nìkan wo Ìlá Ọ̀ràngún yóò rò pé kò sí ohun tí a ń yàn níbẹ̀. Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò ti èrò náà lẹ́yìn.

Lọ́nà kìíní, orúkọ mẹ́ta kì í ṣe àwọ̀ mẹ́ta. Bí agboolé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí. Inú agboolé pupa ni osùn wà, àti epo, àti ọsàn tí ó pọ́n. Inú dúdú ni èédú, aró àti ewé tútù wà. Inú funfun ni ẹfun, òwú àti fàdákà wà. Bí Yorùbá bá fẹ́ ya ọmọ agboolé kan sọ́tọ̀, yóò tọ́ka sí ohun tí ó ní àwọ̀ náà, tàbí kí ó fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe kún un: pupa fòò yàtọ̀ sí pupa rúsúrúsú. Aláró mọ̀ pé bí aṣọ bá ṣe ń wọ ìkòkò aró léraléra ni yóò máa dúdú sí i. Èyí tí kò pẹ́ níbẹ̀ ni àyìnrín. Nínú ìwúre, agbe ni a so mọ́ aró, àlùkò mọ́ osùn, lékeléke mọ́ ẹfun. Ẹyẹ mẹ́ta yìí jẹ́ òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí a sì lè fi àwọ̀ mìíràn wé.

Lọ́nà kejì, iṣẹ́ ọnà agbègbè náà fi hàn bí a ti ń lo òṣùwọ̀n yìí. Ìlú agbẹ́gilére ni Ìlá. Níbẹ̀ ni ìdílé Fákẹ́yẹ ti gbilẹ̀, níbẹ̀ ni a sì bí Lamidi Fákẹ́yẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun kí ó tó kú ní ọdún 2009. Lára ère ìbejì ilẹ̀ Ìgbómìnà, osùn ni a ń fi pa ara, aró ni a sì ń fi kun irun. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í kùn, níbi tí aró ti wà tẹ́lẹ̀. Àjèjì ni búlúù, ṣùgbọ́n ojú wò ó, ó sì mọ agboolé tí ó yẹ kí ó wọ̀. Mímú àwọ̀ bá àwọ̀ mu nìyẹn.

Tí a bá kúrò lára ère bọ́ sára ògiri, Ilé-Ifẹ̀ ni àpẹẹrẹ ti hàn kedere. Moyo Okediji àti Bolaji Campbell ti ṣe ìwádìí lórí àwọn ojúbọ tí obìnrin ń kùn níbẹ̀, pàápàá ojúbọ Òrìṣàìkirè. Ìwé Campbell jáde ní ọdún 2008. Bí ọdún òrìṣà bá ti kò, wọn a kun àwòrán tuntun borí ti èṣí. Kì í ṣe ohun tí ó wu ẹnì kan ṣoṣo ni a ń kùn, nítorí òrìṣà ní àwọ̀ tirẹ̀: ẹfun yẹ Ọbàtálá, pupa sì yẹ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ yóò ti ki tó, àti èyí tí yóò sún mọ́ èkejì, ọwọ́ àwọn obìnrin náà ni ó wà.

Ní ọ̀rúndún ogún, owó kòkó mú kí ilé sìmẹ́ńtì àti páànù pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1959 ni a dá ilé-iṣẹ́ British Paints (West Africa) sílẹ̀, èyí tí ó di Berger Paints Nigeria lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ìlànà àtijọ́ kò parẹ́. Akunlé tí ará ìlú ń pè ní pẹ́ńtà a bu ọ̀dà funfun, a máa kán àwọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, a sì fi tọ́ ògiri wò. Yóò dúró kí ó gbẹ, nítorí pé àwọ̀ ọ̀dà tútù kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ bí ó bá gbẹ tán. Yóò po èyí tí yóò tó gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé àpòpọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í sábà bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Onílé a mú aṣọ wá fún un, tàbí kí ó na ọwọ́ sí ilé aládùúgbò. Ẹ̀rọ ìpo-ọ̀dà òde òní ń fi nọ́ńbà pe àwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òun fẹ́ àwọ̀ mílíìkì ṣì ń tọ́ka sí ohun tí ojú mọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ohunkóhun kò yí padà. Ìfẹ́ inú onílé àti agbára àpò rẹ̀ ti gba ipò tí òrìṣà wà tẹ́lẹ̀. Ìyípadà tí ó tóbi jù ni pé iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ń fi ẹfun àti osùn ṣe ti di iṣẹ́ owó, tí ó sì jẹ́ pé ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ojú tí ń dá àwọ̀ mọ̀ kò sọnù. Ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó ń sọnù. Ògiri kì í pa ìtàn mọ́ bí ìwé ṣe ń pa á mọ́, nítorí pé ọ̀dà ọdún yìí ni ó ń bo ti èṣí. Nítorí náà, bí a óò bá kọ ìtàn àwọ̀ ilé ní Ìlá, ẹnu àwọn àgbà obìnrin àti àwọn aláró ni a óò ti gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti sọ ọ́.