Ẹni Tó Kọ́kọ́ Darí Eré Yìí Rò Pé Òun Ti Bà Á Jẹ́

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni mo sábà máa ń kọ síbí, àmọ́ ìtàn ni mo mú wá lónìí. Ọmọ mi ọkùnrin, èyí tó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì tó ń retí JAMB, òun ló fà á.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ó kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin wá sí pálọ̀ mi. Ọmọ Yorùbá méjì, ọmọ Íbò kan, ọmọ Hausa kan. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú ìwé, bírò àti dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, àmọ́ ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ní ojú ogún. Mo rò pé tẹ́tẹ́ ni, inú bí mi. Wọ́n ní rárá o, Dádì, eré ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnì kan ni olùdarí. Òun ló máa sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n rí: igbó, ilé olódi, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, iwin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó kù á sọ ara rẹ̀ di èèyàn kan nínú ìtàn náà, ọ̀kan jagunjagun, ọ̀kan oṣó, ọ̀kan olè, wọ́n á sì máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Tí ohun náà bá le, wọ́n á da dáìsì kó sọ bóyá ó bọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹnì kejì rẹ̀. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀, D&D ni àwọn ọmọ ń pè é.

Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ mi máa darí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ ìtàn sílẹ̀, ó kún odidi ìwé kan. Wọ́n fẹ́ lọ gba ọmọ ọba lọ́wọ́ iwin. Àfi bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe dé ọjà tó wà lẹ́nu odi ìlú tí wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n ń ná ọjà! Ọmọ Hausa yẹn fẹ́ ra ẹṣin, ó ń ná an bíi pé owó gidi ni. Òmíràn ní òun fẹ́ gba iṣẹ́ oníbodè. Odidi wákàtí mẹ́ta, wọn ò rí iwin sójú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ mi ká ìwé rẹ̀, ojú ẹ̀ fà ro. Ó ní, “Dádì, mo ti bà á jẹ́. Mi ò ṣe é mọ́.”

Mi ò rí nǹkan gidi sọ fún un. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ irú nǹkan tó wọ ilé mi, torí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn eré yìí lórí fóònù, lálaalẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù.

Inú eré ogun ló ti jáde. Ní 1824, ọ̀gá sójà kan nílẹ̀ Prussia, lọ́dọ̀ àwọn Jámánì, tó ń jẹ́ Reisswitz, tẹ ìwé eré kan jáde tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Wọ́n á tẹ́ máàpù sórí tábìlì, wọ́n á to àmì àwọn ọmọ ogun sí i, wọ́n á da dáìsì, adájọ́ kan á sì wà tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Adájọ́ yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ní 1880, ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà kan, Totten, kọ ìwé tiẹ̀ tó pè ní Strategos. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń ta eré lè gbìyànjú ohunkóhun tó bá wù ú, kì í ṣe kìkì ohun tí ìwé kà sílẹ̀. Adájọ́ ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

Ìwé yìí bọ́ sọ́wọ́ David Wesely, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Minnesota. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Minneapolis àti St. Paul máa ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ta eré ogun ayé Napoleon. Ní 1969, ó ro nǹkan tuntun. Ó dá ìlú kan sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, ó pè é ní Braunstein. Dípò kí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀gágun, ó fi àwọn kan jẹ olórí ìlú, ó fi ẹnì kan jẹ oníbáńkì, ẹnì kan olórí yunifásítì, kálukú pẹ̀lú ohun tó ń wá. Lérò tiẹ̀, wọ́n á ṣe ìwọ̀nba wàhálà, ogun á sì dé, eré á di eré.

Wọn ò dúró de ogun kankan. Wọ́n ń fa ara wọn sẹ́yìn, wọ́n ń dìtẹ̀, wọ́n ń parọ́ fún ara wọn. Àwọn méjì ní àwọn fẹ́ bá ara àwọn jà, ọkùnrin sí ọkùnrin. Wesely ò ní òfin kankan fún ìyẹn, ojú ẹsẹ̀ ló ní láti dá ọ̀kan sílẹ̀. Gbogbo ètò tó ti ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó parí, ó gbà pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó ta á ní tiwọn ń bi í léèrè ìgbà wo ni wọ́n tún máa ṣe é.

Ibi tí mo ka èyí dé ni mo pariwo pe ọmọ mi, ó ti ń sùn. Mo ní dìde, wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjà rẹ!

Ẹ wò ó, nígbà tí ìyá wa bá ń pàlọ́ fún wa nílé, a máa ń gbè orin, a máa ń dáhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní kí Ìjàpá má lọ síbi tó ń lọ. Nínú eré yìí, Ìjàpá gan-an ló jókòó síwájú rẹ, tó ń sọ fún ọ pé òun ò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pàlọ́ nìkan, ọwọ́ á dùn ún.

Ọ̀kan lára àwọn tó ń ta eré pẹ̀lú Wesely ni Dave Arneson. Nínú Braunstein mìíràn, tó dá lórí orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Látìn Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe. Arákùnrin yìí parọ́ fún gbogbo èèyàn pé òun ni CIA, wọ́n sì gbà á gbọ́. Nígbà tí Wesely wọṣẹ́ ológun, Arneson gba ipò olùdarí. Ní 1971, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé àwọn òbí rẹ̀ ní St. Paul. Wọ́n retí eré Napoleon. Ère ilé olódi kan ni wọ́n bá lórí tábìlì. Blackmoor ló pe ibẹ̀, ọ̀nà àti yàrá sì kún abẹ́ rẹ̀, àwọn ẹranko burúkú sì wà níbẹ̀.

Òun náà kó sí wàhálà kíá. Òfin tó kọ́kọ́ lò máa ń pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà: ìgbájú kan, o ti kú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò gbà, wọ́n ti fẹ́ràn ẹni tí wọ́n dà. Arneson lọ yá ọgbọ́n kan nínú eré ogun ojú omi tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń gba ìbọn mélòó kan kó tó rì. Ó fi ṣírò ẹ̀mí èèyàn. Títí dòní, bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀mí nínú eré yẹn nìyẹn.

Ẹni kejì nínú ìtàn náà ni Gary Gygax, ní ìlú Lake Geneva, Wisconsin. Ó sún mọ́ mi jù, torí ọ̀rọ̀ bàtà. Iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ló ń ṣe ní Chicago, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1970, ó sì ní ọmọ márùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún bàtà ṣe nílé. Èmi tí mo ń ta bàtà ní Sábọ̀n Gàrí láti ọdún yìí wá, mo mọ̀ pé owó bàtà títúnṣe kì í tó bọ́ ọmọ márùn-ún. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti jọ tẹ ìwé eré ogun kan jáde ní 1971, Chainmail, ìwé kan náà tí Arneson kọ́kọ́ lò.

Ní òpin 1972, Arneson gbéra lọ sí Lake Geneva, ó darí eré rẹ̀ fún Gygax. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, Gygax ti rí i pé nǹkan ńlá ni. Ó ní kí Arneson fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, òun náà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin, ó sì ya àwòrán ọ̀nà abẹ́ ilé olódi tirẹ̀, Greyhawk.

Ta ló kọ́kọ́ darí rẹ̀ fún? Àwọn ọmọ rẹ̀ ni, Ernie àti Elise. Àwọn ọmọ náà wọ abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ja ìjà díẹ̀, wọ́n sì rí àpótí owó. Owó bàbà ló kún inú rẹ̀, ó wúwo débi pé wọn ò lè gbé gbogbo rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín gan-an. Ẹ wo bàbá tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi owó tí kò ṣeé gbé síwájú àwọn ọmọ ẹ̀! Nígbà tí wọ́n lọ sùn, ó tún jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àjà kejì.

Kò sí owó tí wọ́n fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Don Kaye, lọ yá dọ́là 1,000 lórí ínṣọ́ránsì ẹ̀mí rẹ̀, wọ́n dá iléeṣẹ́ TSR sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1973. Kò tó. Brian Blume mú 2,000 wá. Ní 1974, wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún kan, ìwé kékeré mẹ́ta nínú páálí kan, dọ́là 10. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tò ó sínú páálí nílé. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó tán. Kaye kò rí èrè rẹ̀. Ó kú ní oṣù kìíní 1975, ọmọ ọdún 36. Arneson náà, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àkọ́kọ́ yẹn, kò sí lórí àwọn kan tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pẹjọ́ ní 1979 kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní 1981. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò àjùmọ̀ṣe láìkọ ìwé, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ̀rọ̀ o.

Èyí tó wá kàn wá ni pé, púpọ̀ nínú àwọn tó ra ẹgbẹ̀rún yẹn kò rí i rí níbi tí wọ́n ti ń ta á. Ìwé náà sì ta kókó, bí ẹni tó kọ ọ́ rò pé o ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kálukú fi àbá darí rẹ̀. Ní Arizona, Ken St. Andre kà á, kò yé e, ló bá kọ tirẹ̀, Tunnels & Trolls, ó jáde ní 1975. Dáìsì lásán, bíi ti lúdò wa yìí, ló lò.

Mo ka gbogbo èyí fún ọmọ mi. Ó ní kí n tún ibi Wesely kà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá mú fóònù rẹ̀ fi hàn mí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Hausa yẹn, ti kọ̀wé sí i láti Sunday, kò tíì fèsì. Ọmọ náà ń béèrè bóyá ẹṣin tí òun ná ṣì wà lọ́jà, àti pé Sátidé wo ni wọ́n ń padà wá.