Ọ̀kẹ́ kan ní Àpòmù, pood kan àti ààbọ̀ ní Rọ́ṣíà: ìtàn kettlebell àti bí wọ́n ṣe ń ṣe clean



Ọ̀rọ̀ kettlebell la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ mọ̀ ọ́n: bọ́ọ̀lù irin tó ní ìdìmú lórí, tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ kan nínú jíìmù. Láti bí oṣù mélòó kan ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní clean. Clean ni kéèyàn gbé irin náà láti ilẹ̀ dé èjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì bà lé apá jẹ́ẹ́, láìgbá ọwọ́. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ ni mo ń bi ara mi pé, ta ló kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan yìí? Ìdáhùn rẹ̀ gbé mi dé ọjà méjì: ọ̀kan ní Rọ́ṣíà, èkejì ní Àpòmù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Irin ọjà ni látilẹ̀

Girya ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè é. Kì í ṣe ohun eré ìdárayá látìbẹ̀rẹ̀, òṣùwọ̀n ni. Wọ́n á gbé e sí apá kan ìwọ̀n, wọ́n á da ọkà sí apá kejì, títí apá méjèèjì á fi dọ́gba. Pood ni wọ́n fi ń ka ìwúwo nígbà náà, pood kan sì lé díẹ̀ ní kílò 16. Ìdí nìyẹn tí kettlebell ìdíje fi máa ń jẹ́ kílò 16, 24 àti 32 títí dòní: pood kan, pood kan àti ààbọ̀, pood méjì.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ ni pé, bí ọjà bá ti ń tú, àwọn ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin náà dán ara wọn wò. Ní 1885, dókítà kan tó ń jẹ́ Vladislav Kraevsky kó àwọn tó fẹ́ràn irin gbígbé jọ ní St. Petersburg. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1985, ìjọba Soviet ti sọ ọ́ di eré ìdíje tó ní òfin. Ní 2001, Pavel Tsatsouline, tó wá láti Minsk, bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn olùkọ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé jíìmù Èkó àti Ìbàdàn, tó sì wọ inú fídíò orí fóònù wa.

Ọ̀kẹ́ kan

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Bí èèyàn bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, yóò dé Ìkirè. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ Ìkirè ju dòdò lọ, dòdò dúdú tó ta lẹ́nu yẹn. Àpòmù kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Lónìí, Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Àpòmù sì ni ti Ìsọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù lókìkí gan-an. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ọjà etíkun gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú wọlé, ọjà ilẹ̀ ọ̀dàn gba ọwọ́ Ọ̀yọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Orí èèyàn ni ọ̀pọ̀ ẹrù yẹn gbà débẹ̀. Kò sí mọ́tò, ẹṣin kì í sì í pẹ́ kú nínú igbó tí eṣinṣin tsetse wà. Kódà owó fúnra rẹ̀, ẹrù ni. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná, àwọn bàbá wa sì ń pe 20,000 rẹ̀ ní ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò kan. Owó ẹyọ kékeré, irú èyí tó ń ti erékùṣù Maldives wá, nǹkan bí 400 ló wọ pọ́n-ùn kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọ̀kẹ́ kan á tó bíi kílò 23. Pood kan àti ààbọ̀ nìyẹn, ó kù díẹ̀! Ẹni tó ru ọ̀kẹ́ kan wọ Àpòmù, kettlebell kílò 24 ló gbé sórí wọ ọjà.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ o. Ní Rọ́ṣíà, ẹni tó gbé irin lẹ́yìn ọjà ń ṣeré ni. Ó lè jù ú sílẹ̀ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ní Àpòmù, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ru ẹrù ló fẹ́ rù ú. Wọ́n ń jí èèyàn gbé ní àyíká ọjà yẹn, wọ́n sì ń tà wọ́n. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé aáwọ̀ lórí atare ní ọjà Àpòmù ló di ìjà láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú. Ìjà náà di ogun, ogun sì tú Òwu ká. Nítorí náà, bí a bá ń pọ́n agbára àwọn ará ìgbàanì lé, ká rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní àṣàyàn láti gbé ẹrù wọn kalẹ̀.

Kí ló mọ́ nínú clean?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí náà ní ìtàn. Láyé àtijọ́, àwọn agbérin kan á gbé irin dé ikùn, wọ́n á gbé e jókòó lórí bẹ́líìtì, wọ́n á mí, kí wọ́n tó wá tì í dé èjìká. Àwọn mìíràn sọ pé rárá o, ẹni tó bá gbé e láti ilẹ̀ dé èjìká láìjẹ́ kó fara kan ara lọ́nà, òun ló gbé e mọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ọ̀nà téèyàn gbà gbé irin ti lè dá èèyàn láre rí. Ní Olympics 1896 ní Athens, Viggo Jensen ti Dẹ́nmáàkì àti Launceston Elliot ti Bìrìtéènì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kílò 111.5, wọ́n sì dọ́gba. Ọmọọba George ti ilẹ̀ Gíríìsì tó jẹ́ adájọ́ ní Jensen ló borí, torí Elliot gbé ẹsẹ̀ kan kúrò níbi tó wà. Ìwúwo ò yàtọ̀. Ọ̀nà ló yàtọ̀.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ti Birmingham ní 2022. Adijat Olarinoye, ọmọ Nàìjíríà, gba góòlù ní Commonwealth Games nínú ìsọ̀rí àwọn obìnrin oníkílò 55. Nínú clean and jerk, kílò 111 ló gbé. Ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn géńdé Athens dọ́gba. Agbára wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá nìkan ò lè gbé ìyẹn. Ìmọ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Irin gbọọrọ ni Olarinoye gbé, tiwa sì jẹ́ bọ́ọ̀lù olówọ́ kan, àmọ́ ìbàdí ni méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé kettlebell síwájú yín díẹ̀, kí ẹ ya ẹsẹ̀ bí ìbú èjìká. Ẹ má lóṣòó. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn, kí ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé ẹ ti wo bí ìyá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó bá fẹ́ pọn ọmọ? Orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ìdí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ kí ọmọ má baà yọ̀ bọ́. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ fa irin sẹ́yìn gba àárín itan, kí ẹ wá nàró lójijì. Ìbàdí tó nà yẹn ló ń ju irin sókè; apá kàn ń júwe ọ̀nà fún un ni. Kí ìgbọ̀nwọ́ má jìnnà sí ìhà. Ẹ ronú nípa korobá nínú kànga: bí okùn bá ń fì, korobá á máa gbá ògiri kànga títí yóò fi dókè, omi á sì dà nù. Irin tó bá fì jìnnà sí ara, ìsàlẹ̀ apá ló máa gbá.

Bó bá ti ń dé ìdodo, ẹ dẹ ọwọ́. Ẹ má dì í mú bí ẹni tó di olè mú. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yí po irin, dípò kí irin ta kọjá lórí ọwọ́. Níparí, ìgbọ̀nwọ́ á lẹ̀ mọ́ ìhà, ọrùn ọwọ́ á nà tààrà, ìkúùkù á wà nísàlẹ̀ àgbọ̀n, irin á sì jókòó jẹ́jẹ́ sí kọ̀rọ̀ apá. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gba iwájú ara padà sí àárín itan, kí ìdí sì tún lọ sẹ́yìn láti gbà á. Ẹni tó bá mọ ẹrù ú gbé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n sọ̀.

Ẹ fi èyí tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn dídùn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni fídíò ò lè rí ẹ̀yìn yín; ẹ wá ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n kó máa wò yín.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo rò pé ẹni tó ń ru ẹrù fún oúnjẹ òòjọ́ mọ èyí ju gbogbo àwa oníjíìmù lọ. Ẹ wo àwọn tó ń gbé àpò kòkó sínú ọkọ̀. Àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ni pé àpò kan lé ní kílò 60. Wọn ò lè fi agbára nìkan gbé e, torí wọ́n ṣì máa gbé e lọ́la àti lọ́tùn-únla. Wọn kì í pè é ní clean, kò sì sẹ́ni tó ń fún wọn ní góòlù. Ṣùgbọ́n ẹrù tó sún mọ́ ara, ẹ̀yìn tó tẹ́, ìbàdí tó ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tí mò ń sanwó kọ́ ni wọ́n ń ṣe lójú títì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá kọjá lára wọn, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, kí ẹ sì wo ìbàdí wọn dáadáa.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kettlebell. Ó dìgbà kan ná.