Ọnà Lílé Ṣáájú Fífín: Ohun Tí Àwọn Oníṣẹ́-Ọnà Ẹ̀fọ̀n àti Ọ̀yẹ́ Fi Kọ́ Wa Nípa Àtúnṣe Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí tọ olùkọ́ wá, ìbáà ṣe àròkọ, ìbáà ṣe àwòrán èèpo iwájú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́, kí ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò? Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn. Kò pọn dandan kí a wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Àwọn oníṣẹ́-ọnà Èkìtì ní ìlànà tiwọn, ìlànà náà sì ní orúkọ ní Yorùbá pọ́ńbélé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ìdílé ọba ìlú náà mọ́ Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ tó jọba ní Ifẹ̀, ẹni tí àwọn oníṣẹ́ idẹ àti onílẹ̀kẹ̀ ń bọlá fún. Bóyá nítorí èyí ni, bóyá kì í ṣe nítorí rẹ̀, Ẹ̀fọ̀n di ìlú tí àwọn ọba ti ń ránṣẹ́ ṣe adé. Ìdílé Adéṣínà ni òkìkí wọn kàn jù nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń gbẹ́nà, wọ́n sì ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Agbọ́nbíòfé, tó kú ní 1945, ti inú ìdílé yìí wá. Òun ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláàyè lẹ́yìn tí iná jó ààfin náà ní 1912. (Ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa: ẹni tó gbọ́n bí òfé.) Robert Farris Thompson kọ̀wé lórí adé ìlẹ̀kẹ̀ ní 1970, ó sì mẹ́nu ba àwọn ará Ẹ̀fọ̀n yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe adé? Egungun rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dì. Wọn a fa aṣọ funfun tí a ti rẹ sínú ògì lé e lórí, wọn a sá a sóòrùn kó le. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi aṣọ olómi ògì mọ ojú ènìyàn àti àwọn nǹkan mìíràn tó yọ sókè lára rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í fojú kan adé títí gbogbo èyí yóò fi parí. Bí adé bá wọ́, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó lè nà án.

Àwọn agbẹ́gilére fún irú ètò yìí ní orúkọ. Láàrin 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, bójú tó ibi iṣẹ́-ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ àti onílẹ̀kẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Òsì-Ìlọrin, ni ọ̀gá agbẹ́gilére níbẹ̀. Ìwé tí Carroll tẹ̀ jáde ní 1967 ló fi ìpele mẹ́rin iṣẹ́ wọn hàn wá: ọnà lílé, èyí tí í ṣe gígé igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn gbàǹgbà, àlétúnlé, tí a fi ń pín ìwọ̀nyí sí ẹ̀yà kéékèèké, dídán, tí a fi ń mú ara igi jọ̀lọ̀, àti fífín, níbi tí irun, ìlà ojú àti ọ̀ṣọ́ aṣọ ti ń jáde.

Làmídì Fákẹ́yẹ wá bá Bándélé ní Ọ̀yẹ́. Ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń gbẹ́gi kí ó tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀ ó gbà láti tún di ọmọ-iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Èyí tọ́ kí a rántí nígbà tí a bá ń bínú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í gba ìbáwí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀gá òun yóò bá òun wo igi náà láti ìpele kìíní ni yóò gbà.

Ní nǹkan bí 1979, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ìwé ìròyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní í dárúkọ. Ọmọ kíláàsì kẹrin kan ya èèpo iwájú rẹ̀ wá fún mi: adé, gángan, òkè, igi kòkó, ìwé àti fìtílà, àwọ̀ mẹ́fà lápapọ̀. Ó kọ orúkọ ìlú ní “Effon Alaiye”, bí ó ti wà lára àwọn pátákó àtijọ́. Mo mú bírò pupa, mo fa igi sí orúkọ náà, mo ní, “Àmì ìsàlẹ̀ dà?” Mo dá a padà fún un. Ó tún un kọ. Ìgbà tó gbé e padà dé ní ọjọ́ kejì ni mo tó wo àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ kò lè tẹ̀ ju àwọ̀ kan lọ, nǹkan mẹ́fà náà sì ń jà fún àyè lórí ìwé pélébé. Mo sọ fún un pé kò ṣe é lò.

Ó ní, “Ṣebí ẹ ti wò ó lánàá, sà.”

Kò ya nǹkan kan fún wa mọ́ títí ó fi jáde.

Mo ti rò ó títí: kí ló mú mi bẹ̀rẹ̀ láti fífín? Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 wà lára rẹ̀. Ìtara rẹ̀ mú wa, ó sì tọ́ kó mú wa, nítorí pé èdè tí a kò fi àmì tó yẹ kọ kì í pẹ́ ṣini lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó tún ní ohun mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń máàkì ìdánwò. Nínú ìdánwò, igi ti kúrò lọ́wọ́ agbẹ́gilére. A kì í dá ìwé padà fún ẹni tó kọ ọ́ pé kó tún un lé. A ń ka àṣìṣe, a sì ń yọ máàkì. Ọwọ́ kan náà ni a fi ń padà sí kíláàsì, níbi tí igi ṣì wà ní tútù.

Bí ó bá kan èèpo ìwé ní pàtó, àwọn àpẹẹrẹ rere kò jìnnà sí wa. Ulli Beier àti Saburi Bíòbákú bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Odù ní 1955, Black Orpheus sì tẹ̀ lé e ní 1957, ní Ìbàdàn. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó fi Òṣogbo ṣe ilé títí ó fi kú ní 2009, ya èèpo fún Black Orpheus ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn yóò rí i pé àwòrán kan tó gbilẹ̀ lè ṣe ju àwọ̀ mẹ́fà lọ. Ọnà lílé ni agbára wọn wà.

Ní 1984, ọmọbìnrin kan tún ya èèpo wá. Lọ́tẹ̀ yìí n kò mú bírò lọ́wọ́. Mo bi í pé, “Bí ìwé yìí bá wà lórí tábìlì, kí lo fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá kọ́kọ́ rí?” Ó ní adé ni. A yọ gbogbo nǹkan yòókù kúrò. Nígbà tó gbé e dé lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kó yọ ìbòjú ìlẹ̀kẹ̀ náà pẹ̀lú, kí ojú ìwé lè fẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá yọ ìbòjú kúrò, fìlà ló kù.” Òun ló jàre, a sì fi ìbòjú náà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwòrán tó dúró, ìgbà náà ni a kọ Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè sábẹ́ rẹ̀. Táípù wa kò ní àmì ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orí abẹ́rẹ́ lu àwọn àmì náà sára sítẹ́ńsù, lọ́kọ̀ọ̀kan.