Òṣùwọ̀n Méjì: Ìtàn Owó Oṣù Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera Ìjọba ní Nàìjíríà

Ìfáárà



Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyá tí ó bí mi, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa tó oṣù mẹ́ta nígbà mìíràn kí owó oṣù rẹ̀ tó dé. Ìwé péńpé kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tí ó ń kọ gbèsè gàrí, ìrẹsì àti kẹrosíìnì sí. Àwọn tí ó gbẹ̀bí wọn a máa gbé iṣu àti adìẹ wá kí i. A gbà á, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ tán, a máa sọ fún àwa ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ̀bùn nìyí. Ẹ̀bùn yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ tí mo fẹ́ jẹ́ lónìí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòji. Bí a bá gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò ni pé owó rẹpẹtẹ ni wọ́n ń wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìjà yìí ti jẹ́ ìjà lórí òṣùwọ̀n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ná ọjà mọ̀ pé bí oníṣòwò bá fi kọ́ńgò ńlá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ó sì fi kọ́ńgò tí a lù nídìí tà á fún ará ilé àgbẹ̀ náà, kì í ṣe iye owó nìkan ni yóò bí àgbẹ̀ nínú. Kọ́ńgò méjì náà ni yóò bí i nínú.

Ìgbà Ìjọba Òyìnbó

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan ti gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, ṣiṣẹ́ dókítà fún ìjọba ní Èkó. Ní 1896 ni Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da àwọn ẹ̀ka ìṣègùn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ di ọ̀kan, ó sì pè é ní West African Medical Staff. Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Yúróòpù nìkan ni òfin gbà láàyè láti wọ inú rẹ̀. Wọn kò lé àwọn dókítà adúláwọ̀ tí ó wà nínú iṣẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n inú ìwé ọ̀tọ̀ ni orúkọ wọn wà, owó oṣù wọn kéré sí ti Òyìnbó, ipò wọn sì rẹlẹ̀ sí tiwọn. Ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ṣe, àìsàn kan náà ni wọ́n jọ ń tọ́jú. Àwọ̀ ara ni ìjọba fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a wo Sapara fúnra rẹ̀. Ìtàn sọ pé ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùbọ Ṣọ̀pọ̀ná kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn, àti pé ohun tí ó rí níbẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ìbọ náà ní 1917. Ẹni tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu báyìí ni wọ́n fi kọ́ńgò kékeré wọn èrè fún.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà wọ́n gógó, owó oṣù kò sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pàápàá àwọn ti rélùwéè àti ti ìfìwéránṣẹ́, dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní 1946, ìgbìmọ̀ Harragin dá àbá pé kí owó oṣù ìpìlẹ̀ Òyìnbó àti ti adúláwọ̀ bá ara mu nínú iṣẹ́ àgbà, ṣùgbọ́n kí Òyìnbó máa gba àfikún nítorí pé ó jìnnà sí ilé. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ó fi ẹsẹ̀ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣẹ́ àgbà àti iṣẹ́ kékeré múlẹ̀. Bí ògiri àwọ̀ ṣe ń wó ni ògiri ipò ń dìde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ọ̀sì, apòògùn àti wolé-wolé ni ó bá ara wọn ní ìsàlẹ̀ ògiri tuntun yìí.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn obìnrin níbẹ̀. Kofoworola Pratt yege gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1950. Nígbà tí ó padà sílé, ó bá a pé Òyìnbó ni wọ́n fi ipò ọ̀gá nọ́ọ̀sì pamọ́ fún. Síbẹ̀, òun ni ó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mátírọ́ọ̀nù ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì, Ìbàdàn.

Lẹ́yìn Òmìnira

Àwọn ìgbìmọ̀ owó oṣù tẹ̀ lé ara wọn: Morgan ní 1964, Adebo ní 1971, Udoji ní 1974. Ti Udoji ni ó mì ìlú tìtì. Ìjọba san owó tuntun, ó sì san ti àwọn oṣù tí ó ti kọjá pọ̀ mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí ọjà fi gbówó lórí tẹ̀ lé e. Udoji kó gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba sórí àkàbà kan ṣoṣo tí ó ní ìpele 17. Lójú, èyí jọ òdodo: kọ́ńgò kan fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní 1975, àwọn dókítà àti àwọn amọṣẹ́ mìíràn fárí gá. Wọ́n ní àkàbà náà gbé akọ̀wé ìjọba ga jù wọ́n lọ, kò sì ka àìsùn òru àti ewu iṣẹ́ wọn sí. Ẹ̀kọ́ kan nìyí: òṣùwọ̀n méjì fún iṣẹ́ kan náà kò tọ́, òṣùwọ̀n kan fún iṣẹ́ tí kò jọra kò sì tọ́.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ilé ìwòsàn ti bàjẹ́ débi pé kò sí oògùn nínú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn dókítà dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ìjọba ọ̀hún fi òfin de ẹgbẹ́ wọn ní 1985, ó sì ti àwọn aṣáájú wọn mọ́lé, Beko Ransome-Kuti sì wà lára wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba tí ó gbapò fi Olikoye, ẹ̀gbọ́n Beko, ṣe mínísítà ìlera. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà ti ń di ẹrù wọn lọ sí Saudi Arabia, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Àkàbà Méjì

Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ ya àkàbà sí méjì nínú iṣẹ́ ìlera: CONMESS fún àwọn dókítà, CONHESS fún àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn, àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò àti àwọn yòókù. Láti ìgbà náà, bí a bá gbé àkàbà kan sókè, àwọn tí ó wà lórí èkejì a fárí gá. Bí a bá gbé èkejì náà sókè, àwọn ti àkọ́kọ́ a ní àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín wọn ti dín kù. Àlàfo yìí wà lára ohun tí àwọn dókítà torí rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2014. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà tí Ebola fi wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù náà. Ilé ìwòsàn aládàáni ni a gbé aláìsàn náà lọ. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí ó jáde lọ sáàárín ìlú. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 8 ni àrùn náà pa ní Nàìjíríà. Bí kò bá sí ìfaradà àwọn wọ̀nyí, ta ni ó lè ka iye tí ìbá kú?

Ní 2018, ẹgbẹ́ JOHESU, tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ orí CONHESS pọ̀, fi ọjọ́ 44 dáṣẹ́ sílẹ̀, pé kí a ṣe àtúnṣe sí àkàbà tiwọn bí a ti ṣe sí ti àwọn dókítà. Ní 2021, àwọn dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ àgbà fi ọjọ́ 63 dúró sílé. Láàárín èyí, àrùn Kòrónà ti dé, àjẹmọ́nú ewu iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ sì jẹ́ náírà 5,000 lóṣù. Ní oṣù Kejìlá 2021 ni ìjọba tó sọ ọ́ di náírà 32,000 sí 40,000 fún àwọn dókítà, àti 15,000 sí 34,000 fún àwọn yòókù. Owó náà pọ̀ sí i, kọ́ńgò ṣì jẹ́ méjì. Mo sì ń béèrè pé: kòkòrò àrùn ha ń bi ènìyàn léèrè àkàbà tí ó wà kí ó tó ràn án bí?

Ìkádìí

Àwọn kan yóò ní ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni. Èmi kò sọ pé kí owó oṣù dókítà àti ti ẹni tí ń fọ yàrá iṣẹ́ abẹ dọ́gba. Ọdún ẹ̀kọ́ àti ẹrù iṣẹ́ yàtọ̀, ó sì yẹ kí èrè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn, kí gbogbo wọn sì jọ jókòó fọwọ́ sí i. Ní ti ewu, ẹni tí wọ́n jọ kojú ewu kan náà yẹ kí ó gba àjẹmọ́nú kan náà. Ní ti àdéhùn, ìjọba tí ó bá fọwọ́ sí ìwé ní òní kò gbọdọ̀ dúró de ìyanṣẹ́lódì kí ó tó mú un ṣẹ.

Ní 2023, a gbé àbá òfin kan lọ sí ilé aṣòfin pé kí dókítà tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà kí ó tó gba ìwé àṣẹ ní kíkún. Mo lóye ìbẹ̀rù tí ó bí àbá náà. Ṣùgbọ́n ìtàn 1985 ti fi hàn wá pé okùn kì í dá òṣìṣẹ́ dúró. Èrè tí ó tọ́ ni ó ń dá a dúró.

Wọ́n a máa sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé èrè wọn ń bẹ lọ́run. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀, ó sì gbẹ̀bí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù tí ó ń ta gàrí fún un kò gba owó ọ̀run. Gbèsè inú ìwé péńpé yẹn, àwa aráàlú tí ìyá mi tọ́jú ni a jẹ ẹ́.