Lípíìdì àti Omi: Ẹ̀yà Lípíìdì nínú Ohun Ẹlẹ́mìí àti Iṣẹ́ Wọn

Bí a ṣe so wọ́n kọ́ra ni a fi ń dá ọ̀pọ̀ èròjà inú ara ohun ẹlẹ́mìí mọ̀. Ásíìdì àmínò ni a so pọ̀ di purotéènì, ṣúgà ni a so pọ̀ di sítáàṣì. Ti lípíìdì yàtọ̀. Epo pupa, òrí, ìda oyin, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti fítámì A kò jọra rárá, síbẹ̀ agbo kan náà ni wọ́n wà, torí pé wọn kì í yòrò nínú omi. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé inú ìwà kan ṣoṣo yìí, kíkọ omi, ni gbogbo iṣẹ́ tí lípíìdì ń ṣe ti jáde.

Ọ̀rá àti òróró ló pọ̀ jù nínú agbo náà. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míísìrì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló tú àṣírí wọn. Ìwádìí lórí ọṣẹ ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1811. Nígbà tó máa fi tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1823, ó ti fi hàn pé gilisẹ́rọ́ọ̀lù àti ásíìdì ọ̀rá ló para pọ̀ di ọ̀rá. Ásíìdì mẹ́ta ló máa ń so mọ́ gilisẹ́rọ́ọ̀lù kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú náà nìyẹn: omi eérú ń já àwọn ásíìdì inú àdín kúrò lára gilisẹ́rọ́ọ̀lù, á sì sọ wọ́n di ọṣẹ.

Àwọn ásíìdì yìí kò rí bákan náà, ọyẹ́ sì ń jẹ́ ká rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó bá ṣí kẹ́ẹ̀gì epo pupa láàárọ̀ ọyẹ́ á bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní dídì, òkè á sì máa ṣàn, á pupa fòò. Ásíìdì palmitic tó bíi ìdá 44 nínú 100 lára epo náà. Ó nà gbọọrọ, ó ń fara ti ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kì í sì í yọ́ títí ooru fi máa tó 63°C. Ásíìdì oleic, tó tó bíi ìdá 40, ní ìsopọ̀ oníbejì kan tó mú un wọ́. Àwọn tó wọ́ kì í lè tò mọ́ra dáadáa. Bíi 13°C ti tó láti yọ́ ọ. Irú àwọn tó wọ́ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú òróró ẹ̀pà, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ wa kì í fi í mú un dì.

Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, nígbà tí sítáàṣì àti purotéènì ń fún un ní 4. Nítorí pé ọ̀rá kọ omi, ara lè kó o pamọ́ láìru omi mọ́ ọn. Ọ̀rá ló wà nínú iké ràkúnmí, kì í ṣe omi. Ekùrọ́ náà ń tọ́jú epo de ọ̀pẹ tó máa hù.

Lójú tèmi, ara sẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ tó ga jù wà. Nínú fósífólípíìdì, lípíìdì tó wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, fósífẹ́ètì ló gba ipò ọ̀kan nínú ásíìdì mẹ́ta náà. Fósífẹ́ètì, tó jẹ́ orí, fẹ́ràn omi, ásíìdì méjèèjì tó kù, tó jẹ́ ìrù, kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá bọ́ sínú omi, wọ́n á kó ìrù wọn pamọ́ síra, wọ́n á kọ orí sómi, wọ́n á sì di awọ onípele méjì láìsí ẹni tó tò wọ́n. Ní 1925, Evert Gorter àti François Grendel ní ìlú Leiden yọ lípíìdì inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti ti ẹranko, wọ́n tẹ́ ẹ sórí omi, wọ́n sì rí i pé ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú ara sẹ́ẹ̀lì. Àṣìṣe méjì wà nínú ìwọ̀n wọn: lípíìdì tí wọ́n yọ kò pé, ìbú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ kéré. Àṣìṣe kìíní pa èkejì rẹ́, ìpinnu wọn sì dúró. S. J. Singer àti Garth Nicolson wá fi kún un ní 1972 pé awọ náà kò gan. Ó ń ṣàn, purotéènì sì ń léfòó nínú rẹ̀. Oró ejò mọ awọ yìí í bà jẹ́: ẹ́ńsáìmù kan wà nínú rẹ̀ tó ń gé ìrù kan kúrò lára fósífólípíìdì, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí ibi tí paramọ́lẹ̀ bù ṣán jẹrà.

Ìda kò gba àlàyé púpọ̀. Òun ló wà lójú ewé kókò tí omi òjò fi ń yí dànù lórí rẹ̀, òun náà ni oyin fi ń kọ́ afárá.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, tí òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́rin wà lára rẹ̀, ni ara fi ń ṣe họ́mónù akọ àti abo, fítámì D àti àwọn ásíìdì inú òróòro. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ike òróró pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù níbẹ̀, nítorí ekukáká la fi ń rí i lára irúgbìn èyíkéyìí. Irú ásíìdì tó wà nínú òróró náà ló yẹ kí olùrà béèrè: àpọ̀jù irú palmitic lè mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ ròkè, kó sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀, jíjẹ oúnjẹ tí kò lọ́ràá rárá kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Ní 1929, George àti Mildred Burr ní Yunifásítì Minnesota bọ́ eku ní oúnjẹ aláìlọ́ràá. Awọ ara wọn ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ìrù wọn bà jẹ́, wọ́n sì ń kú. Àwọn ásíìdì kan wà tí ara kò lè dá ṣe. Fítámì A, D, E àti K náà, inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń yòrò kí ìfun tó lè gbà wọ́n. Kárótíìnì ló mú epo pupa pupa, ara sì ń sọ ọ́ di fítámì A tí ojú fi ń ríran lálẹ́. Àwọn tó ń se ọbẹ̀ ayamáṣe máa ń sun epo títí pupa rẹ̀ á fi pòórá. Kárótíìnì ni iná jó lọ yẹn: kálórì epo náà kò dín, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń retí fítámì A láti inú rẹ̀ kò lè rí i mọ́.